Lẹ́tà ìgbàwọlé láti Taiwan: ìdáhùn sí ìbéèrè ìyá kan

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Òṣogbo. Ó ní: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọbìnrin mi tó ti parí ilé-ẹ̀kọ́ girama rí lẹ́tà ìgbàwọlé gbà láti yunifásítì kan ní Taiwan. Wọ́n ní àwọn yóò dín owó ilé-ẹ̀kọ́ kù fún un, wọn yóò sì wá iṣẹ́ fún un tí yóò fi máa gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní kí n má gbà. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ kò bímọ mọ́, ilẹ̀ náà ń tán lọ. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló di gbogbo owó wọn mú. Ó sì ní ojoojúmọ́ ni ìròyìn ń sọ pé Ṣáínà fẹ́ gbógun wọ ibẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ní tirẹ̀ ní ibẹ̀ lówó ju Ṣáínà lọ, kí n má jẹ́ kí oore kọjá ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà, ìròyìn wo ni mo sì lè fọkàn tán?”

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo ka lẹ́tà yín dáadáa, mo sì rí i pé ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ dì pọ̀ sójú kan: ti àwọn ènìyàn erékùṣù náà, ti owó wọn, àti ti ìròyìn tí à ń gbọ́ nípa wọn. Ẹ má bínú pé èsì mi yóò gùn, nítorí pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọnú ara wọn, wọ́n sì wọnú lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ ọmọ yín gan-an. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà di apá kan òótọ́ mú, àbúrò yín náà sì di apá kan mú. Ohun tí kò sí ẹni tó bi yín nínú wọn ni ìdí tí yunifásítì tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ fi ń wá ọmọ Òṣogbo kiri. Èmi yóò fẹ́ kí ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú àwọn ohun tó máa ń lọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn. Taiwan kì í ṣe Thailand. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ló ń pa méjèèjì pọ̀, títí kan àwọn kan tó ń bá ènìyàn ṣe ìwé ìrìnnà. Erékùṣù ni Taiwan, inú òkun ló wà ní ìlà-oòrùn Ṣáínà, omi tó pín wọn níyà kò sì fẹ̀ ju nǹkan bíi 130 kìlómítà lọ níbi tó ti há jù. Tí ẹ bá pa ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pọ̀, ilẹ̀ wọn fi díẹ̀ tóbi ju gbogbo Taiwan lọ, síbẹ̀ ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 23 ló ń gbé ibẹ̀. Òkè ló gba àárín àti ìlà-oòrùn erékùṣù náà, èyí tó ga jù nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000 mítà, nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe kóra jọ sí etí òkun ní ìwọ̀-oòrùn, láti Taipei tó jẹ́ olú-ìlú ní àríwá, gba Taoyuan, Hsinchu àti Taichung, títí dé Tainan àti Kaohsiung ní gúúsù. Àwọn tó pọ̀ jù láàárín wọn ni Hoklo, tí babańlá wọn sọdá láti ẹkùn Fujian ní Ṣáínà. Àwọn Hakka ló tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó bá ìjọba Chiang Kai-shek, tó ń ṣàkóso Ṣáínà tẹ́lẹ̀, sá wá ní ọdún 1949, nígbà tí àwọn Kọ́múníìsì gba ìjọba ní Ṣáínà. Àwọn onílẹ̀ gan-an, tí èdè wọn bá ti àwọn ará Philippines àti Malaysia tan, kò pé ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́.

Ìjọba Ṣáínà ní Beijing sọ pé ara ilẹ̀ òun ni Taiwan, ṣùgbọ́n kò tíì ṣàkóso ibẹ̀ rí fún ọjọ́ kan. Jàpáànù ló ń ṣàkóso rẹ̀ láti ọdún 1895 títí di 1945, lẹ́yìn náà ni ìjọba Chiang. Lónìí Taiwan ní owó tirẹ̀, ológun tirẹ̀ àti ìwé ìrìnnà tirẹ̀, àwọn aráàlú ló sì ń dìbò yan ààrẹ láti ọdún 1996. Nítorí ìbẹ̀rù Beijing, orílẹ̀-èdè díẹ̀ ló gbà á ní gbangba pé orílẹ̀-èdè ni. Ní gbogbo Áfríkà, Eswatini nìkan ló kù. Nàìjíríà kò sí nínú wọn. Ní ọdún 2017, ìjọba wa ní kí ọ́fíìsì ìṣòwò Taiwan kó kúrò ní Abuja lọ sí Èkó. Ohun tí èyí já sí fún yín ni pé kò sí ẹ́ńbásì Nàìjíríà ní Taipei tí ọmọ yín lè gbà lọ bí ìṣòro bá dé, kókó yìí sì wúwo lójú mi ju bí àwọn alágbàtà ṣe ń gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ọmọ yín sọ nípa ọmọ bíbí kì í ṣe àsọdùn. Ní nǹkan bí ọdún 1951, obìnrin kan ní Taiwan máa ń bí tó ọmọ méje. Ní àwọn ọdún 1960, ìjọba gbé ètò ìfètò-sọ́mọ-bíbí kalẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ìyàwó ilé pé ọmọ díẹ̀ ni ènìyàn lè tọ́ yanjú. Ní ọdún 1968, ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án di ẹ̀tọ́ fún tọkùnrin tobìnrin. Àwọn ọmọbìnrin tó jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí wọ ilé-iṣẹ́ aṣọ, ilé-iṣẹ́ bàtà àti ilé-iṣẹ́ rédíò, wọ́n ń gba owó iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn, wọn kò sì kánjú wọlé ọkọ mọ́. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980, ọmọ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ń bí kò pé méjì mọ́. Ní ọdún 2010 kò pé ẹyọ kan. Ọdún ẹkùn ni 2010 nínú kàlẹ́ńdà wọn, ọ̀pọ̀ ìdílé kì í sì fẹ́ bímọ sí ọdún ẹkùn; ọdún dírágónì ni wọ́n gbà pé ó ń mú oríire wá, ìdí nìyí tí ọmọ fi pọ̀ díẹ̀ sí i ní 2012. Ọdún dírágónì ni 2024 náà, ṣùgbọ́n àwọn ìkókó tí wọ́n bí lọ́dún yẹn kò pé 135,000, àwọn tó kú sì lé ní 200,000. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìkókó tó lé ní 400,000 ni wọ́n ń bí lọ́dún. Láti ọdún 2020 ni òkú ti ń ju ìkókó lọ, tí iye àwọn ọmọ ilẹ̀ náà sì ń dín kù.

Kí ló fà á? Àwọn ènìyàn wa máa ń sọ fún mi pé àwọn obìnrin ibẹ̀ kórìíra ọmọ, tàbí pé ìmọ̀tara-ẹni-nìkan ti wọ̀ wọ́n lẹ́wù. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbéyàwó ni kò wáyé mọ́ bí ó ti yẹ. Ní Taiwan, ojú ń tini púpọ̀ láti bímọ láìṣe ìgbéyàwó, débi pé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìgbéyàwó bá wá falẹ̀, ọmọ náà yóò falẹ̀ nìyẹn. Ìgbéyàwó sì falẹ̀ nítorí pé ilé wọ́n. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó mọ níwọ̀n ní Taipei yóò kó gbogbo owó oṣù rẹ̀ pamọ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìjẹ láìmu kó tó lè ra ilé kékeré kan níbẹ̀. Wákàtí iṣẹ́ gùn, iṣẹ́ ilé àti ìtọ́jú àna sì ṣì wà lọ́rùn ìyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ń lọ sí ọ́fíìsì bí ọkọ. Ọmọ tí wọ́n bá sì bí, ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ń dúró dè é láti kékeré, owó gidi sì ni. Ìjọba ń fún àwọn òbí lówó ìrànwọ́, ó ń dá owó ilé-ìtọ́jú ọmọ padà fún wọn, ṣùgbọ́n owó bẹ́ẹ̀ kì í ra ilé, kì í sì í dín wákàtí iṣẹ́ kù.

Ní báyìí, ẹnì kan nínú márùn-ún ló ti lé ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Tí ẹ bá jókòó sí ọgbà ìgbafẹ́ ní Taipei ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ará Indonésíà tí wọ́n ń ti àwọn arúgbó kiri lórí àga onítáyà, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ èdè wọn, tí àwọn arúgbó náà sì ń bá ara wọn sọ tiwọn. Àwọn òṣìṣẹ́ àjèjì tó wà ní Taiwan ti tó nǹkan bí 800,000, láti Indonésíà, Vietnam, Philippines àti Thailand, nínú ilé àwọn arúgbó, nínú ilé-iṣẹ́, lórí ọkọ̀ ìpẹja. Ilẹ̀ náà kò tíì tán o. Ó ń gbó ni, àwọn àjèjì ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ nínú ẹrù ìgbó náà.

Ibẹ̀ ni lẹ́tà ọmọ yín ti wọlé. Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ṣì pọ̀, ìjọba Taiwan gbà kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga pọ̀ kiri, wọ́n sì ṣì tó nǹkan bí 140. Àwọn ọmọ tó yẹ kó kún inú wọn ni wọn kò bí. Láti ọdún 2014 ni àwọn yunifásítì aládàáni kékeré ti ń kógbá sílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tí kò sì fẹ́ kógbá sílé ń wá akẹ́kọ̀ọ́ ní Vietnam, ní Indonésíà, ní Íńdíà, àti ní Áfríkà pẹ̀lú. N kò sọ pé ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀. Àwọn yunifásítì ìjọba ńláńlá, bí èyí tó wà ní Taipei tí wọ́n ń pè ní National Taiwan University, tàbí National Cheng Kung ní Tainan, tàbí National Tsing Hua ní Hsinchu, dúró déédéé pẹ̀lú èyíkéyìí láyé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n sì ń gba àjèjì nítorí pé wọ́n fẹ́ ọpọlọ tó pé. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni ìwé tó ń ti erékùṣù yẹn wá: ọ̀kan ń wá akẹ́kọ̀ọ́, èkejì ń wá ẹni tí yóò kún àga, àti ọwọ́ tí yóò kún ilé-iṣẹ́.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ owó. Àbúrò yín ní Taiwan lówó ju Ṣáínà lọ. Bí a bá pín owó tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń pa lọ́dún sí orí àwọn ènìyàn rẹ̀, òótọ́ ló sọ: ti Taiwan ju 30,000 dọ́là lọ fún ẹnì kan, ti Ṣáínà kò sì tó ìdajì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àpapọ̀, ọrọ̀ Ṣáínà fi ọ̀pọ̀ ìlọ́po ju ti Taiwan lọ, ìyàtọ̀ yìí sì ṣe pàtàkì nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ ogun.

Taiwan kò ní epo rọ̀bì tó ṣeé gbójú lé, èyí tó lé ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó ń lò ló sì ń rà láti òkèèrè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni pé ìjọba Chiang, tí ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ṣáínà nítorí ìbínú àwọn àgbẹ̀, kò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Láàárín ọdún 1949 sí 1953 ó dín ìṣákọ́lẹ̀ kù, ó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ńlá, ó sì tà á fún àwọn tó ń dá oko náà. Amẹ́ríkà ń ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú owó ńlá títí di 1965. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣí àgbègbè ìṣòwò kan ní Kaohsiung, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti lè kó ohun èlò wọlé láìsan owó ibodè, bí wọ́n bá ṣáà ti máa kó ohun tí wọ́n fi ṣe jáde lọ tà lókèèrè. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké pọ̀ bí eṣú: agboorun, bàtà, kẹ̀kẹ́, ohun ìṣeré ọmọdé, ẹ̀yà ara ọkọ̀. Àwọn tó dàgbà tó nínú wa yóò rántí ìgbà tí ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ á bi ọ́ bóyá ti Jàpáànù lo fẹ́ tàbí ti Taiwan, ojú tó sì fi ń wo ti Taiwan kò dára.

Àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ pé ojú burúkú ni ayé fi ń wo ọjà wọn, wọ́n sì mọ̀ pé owó iṣẹ́ tó rọjú tí wọ́n fi ń jẹun yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́jọ́ kan. Ní ọdún 1973, ìjọba dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ní 1976, ilé ìwádìí náà ra ìmọ̀ bí a ti ń ṣe ṣíìpù, ègé kékeré tó ń ṣe bí ọpọlọ nínú kọ̀ǹpútà àti fóònù, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà, ó sì rán àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ lọ síbẹ̀ láti kọ́ ọ. Ní 1980, wọ́n ṣí ọgbà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Hsinchu. Ní 1987, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Morris Chang dá TSMC sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ ṣíìpù tí ẹ̀gbọ́n ọmọ yín ń tọ́ka sí, pẹ̀lú owó ìjọba, owó ilé-iṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Netherlands, àti ti àwọn olówó kan nílé. Èrò rẹ̀ rọrùn, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn kò tíì ṣe é bẹ́ẹ̀: kò ní ya àwòrán ṣíìpù tirẹ̀ rárá, èyí tí àwọn ẹlòmíràn bá yà ni yóò máa bá wọn ṣe, kí oníbàárà kankan má baà bẹ̀rù pé yóò bá òun díje. Lónìí, nínú àwọn ṣíìpù tó lágbára jù láyé, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ti Taiwan jáde. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ olówó ńlá tí àwọn ọmọ wa ń gbé kiri, ó ṣeé ṣe púpọ̀ kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é.

Nítorí náà, ìbẹ̀rù ẹ̀gbọ́n ọmọ yín ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí ayé bá dẹ́kun ríra ṣíìpù, Taiwan yóò gbọ̀n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń bọ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ kéékèèké àti aláàárín ju mílíọ̀nù kan lọ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn sì ni nǹkan bí mẹ́jọ nínú òṣìṣẹ́ mẹ́wàá ti ń jẹun. Ìṣòro tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ ni pé ọrọ̀ ṣíìpù kì í sábà dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́jọ yẹn. Onímọ̀ ẹ̀rọ ní Hsinchu ń gba àjẹmọ́nú tó lè ra ọkọ̀. Akọ̀wé tàbí olùtajà ní ìlú kan náà ń gba owó tí kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà fún ogún ọdún, nígbà tí owó ilé ń lọ sókè. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ní 2025 jẹ́ 28,590 dọ́là Taiwan, kò pé 1,000 dọ́là Amẹ́ríkà. Ẹ padà wo ohun tí mo sọ nípa ìgbéyàwó, ẹ ó sì rí ọ̀nà tí ọrọ̀ náà gbà di àìbímọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké wọ̀nyí kan náà, tí wọn kò lè san owó tí Hsinchu ń san, ni kò rí ọmọ ilẹ̀ gbà síṣẹ́ mọ́. Bí ẹ bá ka “wọn yóò wá iṣẹ́ fún un” nínú lẹ́tà, ẹ rántí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí.

Ìbéèrè yín nípa ìròyìn wá kù. Fún ọdún méjìdínlógójì, láti 1949 sí 1987, abẹ́ òfin ológun ni Taiwan wà. Ìwé ìròyìn kò gbọdọ̀ ju 31 lọ, ìjọba ń dín iye ojú-ewé wọn kù, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta tó wà sì wà ní ìkáwọ́ ìjọba, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣàkóso àti ológun. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1988 ni wọ́n mú òfin ìwé ìròyìn yẹn kúrò, ṣùgbọ́n òmìnira kò pé lọ́jọ́ kan náà: ní oṣù kẹrin ọdún 1989, Cheng Nan-jung, olóòtú ìwé ìròyìn kan tí ìjọba fẹ́ mú nítorí àbá òfin tí ó tẹ̀ jáde fún Taiwan tó dá dúró, ti ara rẹ̀ mọ́ ọ́fíìsì, ó sì dáná sun ara rẹ̀ kí ọlọ́pàá tó wọlé. Ọjọ́ ikú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àyájọ́ òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ níbẹ̀ báyìí.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí tán, gbogbo ènìyàn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ọdún 1993 fàyè gba tẹlifíṣọ̀n oníwáyà, ìkànnì ìròyìn sì tò tẹ̀ lé ara wọn láti nọ́ńbà 50 dé ẹ̀yìn 55, tí wọ́n ń pariwo tọ̀sán tòru. Ẹni tó bá jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan yóò rí ìjàmbá ọkọ̀ tí kámẹ́rà inú ọkọ̀ ká sílẹ̀, ilé oúnjẹ tuntun, ìjà àwọn aṣòfin, yóò sì máa dúró de ìròyìn òkèèrè pẹ́. Èmi kò fẹ́ràn wọn. Síbẹ̀, wọ́n lómìnira: ní 2025, àjọ àwọn akọ̀ròyìn tí kò mọ ààlà fi Taiwan sí ipò 24 nínú 180 orílẹ̀-èdè àti agbègbè. Ohun tó ń bà wọ́n jẹ́ ni ẹgbẹ́ òṣèlú àti owó. Ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n mọ̀ pé ti àwọn tó fẹ́ sún mọ́ Beijing ni, òmíràn wà tó jẹ́ ti àwọn tó kórìíra rẹ̀. Ní 2008, oníṣòwò kan tó ń ta ìpápánu ní Ṣáínà ra China Times, ọ̀kan nínú ìwé ìròyìn tó lóókọ jù, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n tó so mọ́ ọn. Ní 2012, nígbà tí ó tún fẹ́ ra sí i, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú jáde sígboro. Ní 2020, àjọ tó ń ṣe àbójútó tẹlifíṣọ̀n kọ̀ láti tún ìwé àṣẹ ìkànnì ìròyìn rẹ̀ ṣe, ìkànnì 52 sì kú. Àwọn kan ní ìjọba gbà wá lọ́wọ́ irọ́, àwọn kan ní ìjọba pa ẹnu ẹni tó ń ta kò ó mọ́. Mo gbà pé irọ́ pọ̀ lórí ìkànnì náà, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀ sí i pé ìjọba ló pa á.

Irọ́ sì ń pa ènìyàn níbẹ̀. Ní 2018, ìjì líle dí pápákọ̀ òfurufú Kansai ní Jàpáànù, ìròyìn kan sì tàn kálẹ̀ pé Ṣáínà fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ènìyàn tirẹ̀ jáde, tí Taiwan fi tirẹ̀ sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n gbé e, èébú rọ́ lu aṣojú Taiwan ní Osaka, ọkùnrin náà sì gbẹ̀mí ara rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn aráàlú ti túbọ̀ ń lo ètò bíi Cofacts, tí ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí LINE, tó dà bíi WhatsApp tiwa, ránṣẹ́ sí, kí ó sọ bóyá òótọ́ ni.

Iṣẹ́ rere tí àwọn oníròyìn ibẹ̀ ṣe, tó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n, ni mo fi pamọ́ de ibí yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, The Reporter, ilé ìròyìn kékeré tí ọrẹ àwọn òǹkàwé ń gbé ró, gbé ìwádìí jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ará Ùgáńdà ní yunifásítì aládàáni kan ní ẹkùn Changhua. Wọ́n ti ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ẹ̀kọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì àti iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tó lówó fún àwọn ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà kò rí bí wọ́n ṣe sọ ọ́, gbèsè owó ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ara wọn, wọ́n sì kó wọn lọ sí ilé-iṣẹ́ láti ṣe iṣẹ́ agbára fún wákàtí gígùn kí wọ́n lè san án. Lẹ́yìn ìwádìí náà ni ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ dá yunifásítì náà dúró láti máa gba àjèjì, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì padà ti ilẹ̀kùn. Ẹ wo bí àìbímọ, àìrí òṣìṣẹ́ àti ìròyìn tó lómìnira ṣe pàdé lórí àwọn ọmọ Ùgáńdà wọ̀nyẹn.

Ní ti ogun, kò sí amòye kan láyé tó lè sọ fún yín pé yóò ṣẹlẹ̀ tàbí pé kò ní ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú ogun Ṣáínà ń fò nítòsí erékùṣù náà léraléra. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022 wọ́n ṣe ìdánrawò ńlá yí i ká. Taiwan sì ti sọ iṣẹ́ ológun dandan fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin rẹ̀ di ọdún kan gbáko láti 2024. Ewu náà wà. Ṣùgbọ́n ìròyìn òkèèrè kì í bá wọn sọ̀rọ̀ àyàfi bí ọkọ̀ ogun bá gbéra, èyí ló fi dà bíi pé ìbọn ń dún níbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín máa ka Focus Taiwan tàbí Taipei Times lédè Gẹ̀ẹ́sì fún oṣù kan. Ti ìṣáájú jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ìròyìn ìjọba, ìkejì jẹ́ ti àwọn tó ń fẹ́ kí Taiwan dá dúró, kí ó fi èyí sọ́kàn bí ó ti ń kà wọ́n.

Kí ni kí ẹ ṣe? Bó bá jẹ́ yunifásítì ìjọba ló kọ lẹ́tà náà, tí iṣẹ́ tí ọmọ yín fẹ́ kọ́ jẹ́ ti ẹ̀rọ, ti kọ̀ǹpútà tàbí ti sáyẹ́ǹsì, mo rò pé kí ó lọ. Àjèjì tó bá gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́fà yóò wọnú ètò ìlera gbogbo ìlú, tó dára púpọ̀, ẹni tó bá sì gboyè jáde lè fi máàkì tí wọ́n ń kó jọ láti orí owó oṣù, ìmọ̀ èdè àti irú iṣẹ́ gba ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ yunifásítì aládàáni tí kò lóókọ, tó ń fi iṣẹ́ ṣáájú ẹ̀kọ́ nínú lẹ́tà rẹ̀, ẹ fà sẹ́yìn. Òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì láyè láti ṣiṣẹ́ fún 20 wákàtí lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn lẹ́yìn tó bá ti gba ìwé àṣẹ. Owó wákàtí kan tó kéré jù ní 2025 jẹ́ 190 dọ́là wọn. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, bó bá jẹ́ owó tó kéré jù yẹn ni wọ́n ń san, kò ju bí 16,500 lóṣù lọ, kò sì lè san owó ilé-ẹ̀kọ́, ilé àti oúnjẹ papọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣèlérí iṣẹ́ tó ju 20 wákàtí lọ́sẹ̀ lọ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ ń ṣèlérí ohun tí òfin kò gbà.

Ìdínkù owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í sì í ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ìjọba Taiwan ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀, èyí tó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó oṣù. Ìdínkù tí yunifásítì ń fúnni lè parí lẹ́yìn ọdún kan bí máàkì bá lọ sílẹ̀. Kí ọmọ yín kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ní yunifásítì náà, sí àdírẹ́sì tó wà lórí ìkànnì yunifásítì fúnra rẹ̀, kí ó béèrè iye owó tí yóò san lọ́dọọdún títí yóò fi gboyè, èdè tí wọn yóò fi kọ́ ọ ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, orúkọ ilé-iṣẹ́ tí yóò ti ṣiṣẹ́, àti bóyá wọn yóò lé e kúrò bí ó bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kí wọ́n dá a lóhùn ní kíkọ. Bó bá jẹ́ pé ẹnu alágbàtà nìkan ni èsì ti ń wá, ẹ má san kọ́bọ̀.